Ẹ Kí Onílẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Òkè

  

Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́ tán ní Calgary, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa tó ń bọ̀ láti Toronto, láti Houston, láti London máa ń bi mí: "Níbo la ti lè rí omi? Níbo la ti lè rí òkè? Kí ló wà níbẹ̀ yẹn tí ọmọ Òrìṣà lè lọ wò?" Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Sunridge, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lè rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọjà títà lọ. Ṣọ́ọ̀bù ni, ilé oúnjẹ ni, ilé ìwòsàn wà nítòsí, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì fẹ̀ lọ bí pápá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gíga ni Sunridge. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, bí ènìyàn bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, yóò rí àwọn òkè Rocky lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n tò lọ rẹrẹ, yìnyín funfun wà lórí wọn bí ẹni pé Ọbàtálá sá àlà rẹ̀ síbẹ̀.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo fẹ́ sọ fún yín nípa àwọn ibi tó yẹ kí ẹ fi ojú rí bí ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lélẹ̀: ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀. Nílé wa, àlejò tó bá wọ ìlú á kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ kó tó wá ibi tí yóò sọ ẹrù rẹ̀ kà. Ìwà yẹn ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé dání bí ẹ ti ń gbé omi àti aṣọ òtútù dání.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ kan ṣàlàyé. Ibùdókọ̀ ojú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sunridge ń jẹ́ Rundle. Robert Rundle jẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó dé ilẹ̀ tí a ń pè ní Alberta lónìí ní 1840. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Wesley tó rán an wá síhìn-ín ló rán Thomas Birch Freeman, ẹni tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Ọdún méjì péré ló wà láàárín wọn. Bí ẹ bá dé Banff, ẹ ó rí òkè ńlá kan tó ń jẹ́ Mount Rundle. Àwọn Cree ní orúkọ tí wọ́n ń pe òkè náà kí míṣọ́nnárì tó dé; ìtumọ̀ rẹ̀ ni Òkè Ilé. Orúkọ míṣọ́nnárì ló wà nínú àwòrán ilẹ̀ báyìí. Mi ò sọ èyí láti bú ìjọ ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó dé bá wa lọ́hùn-ún ló dé bá àwọn onílẹ̀ níhìn-ín, àti pé wọ́n mọ bí ó ti ń rí lára kí ènìyàn pe ohun tí baba ẹni ń bọ ní òkúta lásán.

Odò ni kí ẹ kọ́kọ́ kí. Odò Bow àti odò Elbow pàdé ní àárín Calgary, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin kọ́ odi wọn sí ní 1875. Kí odi tó wà, àwọn Blackfoot ti ń pe ibẹ̀ ní Moh'kinsstis, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìgúnpá, nítorí bí odò ṣe tẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Bow, ọrun ọdẹ ni. Igi tó ń hù létí odò náà ni àwọn onílẹ̀ máa ń gé láti fi ṣe ọrun. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo wí. Láti ara yìnyín ńlá tó wà lókè Banff ni odò náà ti ń ṣàn bọ̀; ó gba àárín ìlú kọjá, ó lọ bá àwọn odò mìíràn, omi rẹ̀ kò sì dúró títí yóò fi dé òkun ní Hudson Bay. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, bí ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi yọ ọ́. Ní oṣù Kẹfà 2013, òjò àti yìnyín tó ń yọ́ mú kí odò méjèèjì kún, omi wọ ilé, ó wọ ọ́fíìsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sá kúrò nílé. Ẹni tó bá rò pé odò ilẹ̀ òyìnbó kò lágbára, kó lọ bi àwọn tó ń gbé etí omi.

Ṣé Ọ̀ṣun ni? Ọmọbìnrin mi bi mí ní ìbéèrè yìí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a dúró sí etí Bow, ó ń ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú omi.

"Màmá, ṣé Ọ̀ṣun nìyí?"

Mo ní, "Ọ̀ṣun gbọ́ wa níbikíbi tí a bá ti pè é, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n odò yìí ní orúkọ tirẹ̀ àti ìdílé tirẹ̀. Bí o bá dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ, tí o bá ìyá rẹ̀ nílé, kí lo máa ṣe?"

"Màá kúnlẹ̀ kí wọn."

"Ó dáa. Kúnlẹ̀ kí wọn."

Ó kúnlẹ̀ lórí òkúta, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó ní a wá láti Ọ̀ṣun. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé gbogbo omi dídùn, Ọ̀ṣun ni. Mi ò bá yín jà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ mi ni mo sọ. Yálà Ọ̀ṣun ni tàbí ẹnìkejì rẹ̀, ìkúnlẹ̀ ò bà nǹkan kan jẹ́.

Bí ẹ ò bá ní àyè láti jáde kúrò nílùú, ẹ lọ sí Nose Hill. Láti Sunridge, kò jìnnà bí ẹ bá wọ mọ́tò. Òkè koríko ni, ìlú ńlá ló yí i ká, ó sì fẹ̀ tó kìlómítà 11 níbùú lóòró. Òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹfọ̀n máa ń fi ara họ láyé àtijọ́. Àwọn òkúta kan tún wà tí àwọn Blackfoot tò ní róbótó ní 2015. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ wò ó, ẹ dákẹ́. Ẹ má tan àbẹ́là síbẹ̀. Koríko ibẹ̀ máa ń gbẹ bí ìṣáná, afẹ́fẹ́ Calgary kì í sì í sinmi.

Ẹ wá gba ìhà gúúsù lọ sí Okotoks. Ní nǹkan bíi kìlómítà méje sí ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, àpáta kan jókòó sí àárín pápá gbalasa, láìsí òkè kankan nítòsí tí ènìyàn lè sọ pé ibẹ̀ ló ti yí wá. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 16,500, gígùn rẹ̀ tó mítà 41, gíga rẹ̀ tó mítà 9. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé láti òkè ní agbègbè Jasper ló ti já bọ́ sórí yìnyín ńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Yìnyín náà gbé e wá bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Nígbà tó yọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀. Èyí ti lé ní 10,000 ọdún. Orúkọ ìlú náà gan-an wá láti inú èdè Blackfoot, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju àpáta lọ.

Àwọn Blackfoot ní ìtàn tiwọn. Napi, ẹni àtijọ́ inú ìtàn wọn, tó gbọ́n tó sì tún máa ń ṣe bí aṣiwèrè bí Ìjàpá tiwa, ń rìn lọ lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú. Ó sinmi lára àpáta, ó bọ́ aṣọ ìbora rẹ̀, ó fi ta á lọ́rẹ. Kò pẹ́, ojú ọjọ́ yí padà, òtútù dé. Napi ní kí àpáta dá aṣọ òun padà. Àpáta kọ̀, ó ní ohun tí a bá ti fi fún àpáta kì í padà sẹ́yìn. Napi já aṣọ gbà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó gbọ́ ariwo lẹ́yìn, àpáta ló ń yí bọ̀! Ó sá, ó sá, ó ké pe àwọn ẹranko, kò sí èyí tó lè dá àpáta dúró. Àwọn àdán ló wá ń fò lù ú títí ó fi là sí méjì. Ìdí nìyẹn tí ojú àdán fi rí pẹlẹbẹ títí dòní, ìdí nìyẹn sì ni àpáta Okotoks fi là láàárín.

Ta ni nínú wa tó máa gbọ́ èyí tí kò ní mi orí? Ohun tí a bá ti fi rúbọ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú àpáta náà, Olúmọ ló wá sí mi lọ́kàn, àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní 1830, tí wọ́n ṣì ń bọ títí dòní. Àwòrán tí àwọn àgbà fi ilẹ̀ pupa kùn wà lára àpáta Okotoks, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣá. Nítorí náà, ẹ má gùn ún. Ẹ ó rí àwọn tó ń gùn ún ya fọ́tò; ẹ má bá wọn ṣe é.

Ìrìn bí wákàtí méjì ni láti Calgary sí Head-Smashed-In, nítòsí Fort Macleod. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1981. Fún nǹkan bíi 6,000 ọdún ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ yìí ń da agbo ẹfọ̀n sáré lọ sí etí òkè náà, tí ẹfọ̀n á já sí ìsàlẹ̀, tí gbogbo ìdílé á sì rí ẹran jẹ nígbà òtútù. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn kan ń darí ẹran, àwọn kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn kan ń ṣètùtù. Wọ́n sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ wo bí ẹfọ̀n ṣe ń já, ó lọ dúró sí abẹ́ òkè níbi tí àpáta ti yọ síta. Ẹfọ̀n ọjọ́ náà pọ̀ ju bó ti rò lọ. Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n bá òkú rẹ̀, orí rẹ̀ ti fọ́. Orúkọ ibẹ̀ nìyẹn. Ìwòran náà ní ibi tí a ti ń dúró wò ó.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1987, àwọn Blackfoot fúnra wọn ló ń ṣàlàyé. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wọn. Ní 1895, òfin ìjọba Kánádà sọ ọ̀pọ̀ nínú ètò ẹ̀sìn wọn di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé ènìyàn sẹ́wọ̀n, títí kan apá kan nínú Ijó Oòrùn. 1951 ni wọ́n tó mú un kúrò nínú ìwé òfin. Ọdún 56 nìyẹn. Ẹ̀yin tí àwọn àgbà yín fi Òrìṣà pamọ́ sẹ́yìn ère ẹni mímọ́ ní Kúbà àti ní Bràsíìlì, ẹ ò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

Banff ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Omi gbígbóná tó ń sun láti inú òkè ni ìjọba torí rẹ̀ ya ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1885, ibẹ̀ sì ni ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Kánádà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì ní Èkìtì, tó rí bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe pàdé, yóò mọ ìdí tí àwọn onílẹ̀ fi ń wá síbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Nítòsí ìlú Banff ni adágún Minnewanka wà. Omi àwọn ẹ̀mí ni àwọn Nakoda ń pè é. Ní 1941, dáàmù iná mànàmáná gbé omi rẹ̀ ga, ó sì bo abúlé kan tí àwọn ènìyàn máa ń lọ fún ìsinmi. Abúlé náà ṣì wà nísàlẹ̀ omi.

Ọ̀nà adágún yìí ni èmi àti ìyálórìṣà kan jọ gbà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó wá láti ìlú mìíràn, ó ń múra àti gbé Òrìṣà kalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kan, ọta ló sì ń wá.

Ó ní, "Ọmọ mi, omi tó ń bọ̀ láti orí òkè ni mo fẹ́ kó ti wá."

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú làálàá. Òfin ọgbà yìí ò gbà kí a mú òkúta kan kúrò níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ."

"Òfin òyìnbó! Kí òyìnbó tó dé, Olódùmarè ti dá omi àti òkúta inú rẹ̀."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò sì ní pe àgbà níjà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń bọ omi náà kí òyìnbó tó dé. Ẹ dákun, bí ọmọ Calgary kan bá wọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó gbé òkúta láti inú odò sínú àpò rẹ̀, tó ní ohun tí òun ń bọ nílé ló rán òun, kí ni Ìyá Ọ̀ṣun yóò wí?"

Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Canmore. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "A ó bi obì."

A dé adágún, ó bọ́ bàtà, ó fi omi bọ́jú, ó kọ orin. Kò mú nǹkan kan. Lálẹ́, nílé mi, ó fọ̀ obì rẹ̀, ó bi í léèrè bóyá òkúta adágún ni. Obì ní rárá. Ó bi í bóyá èyí tí a bá fi owó rà. Obì yàn, ó sì yàn dáadáa. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta òkúta fún àwọn tó ń ṣe ọgbà, òkúta odò tó jọ̀lọ̀, tí wọ́n ń wọ̀n lórí ìwọ̀n. Ó lo wákàtí méjì níbẹ̀, ó ń gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí bóyá ìyá mi ń kọ́ ilé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ló ń kọ́.

Mi ò sọ pé obì ìyá yìí ni yóò máa fọhùn fún gbogbo wa. Kí kálukú bi tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a bi í. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ọwọ́ wa ti ń ṣáájú ẹnu wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oúnjẹ. Mo mọ̀ pé oyin, èso, àkàrà àti ẹ̀kọ wà lára ohun tí a ń gbé lọ sódò. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní Banff. Ilẹ̀ béárì ni. Béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ ènìyàn wò yóò máa wá ènìyàn kiri, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni pé àwọn olùṣọ́ ọgbà á pa á. Ẹbọ wo ni yóò fín tí yóò fa ikú ẹranko tí kò jẹ wá ní gbèsè? Ẹ rú ẹbọ yín nílé, níwájú ojúbọ yín. Ẹ gbé ohùn yín, orin yín àti omi mímọ́ díẹ̀ lọ sórí òkè. Bí ẹ bá fẹ́ bi àgbà kan nínú àwọn onílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, tábà ni wọ́n ń mú lọ́wọ́ lọ bá a, bí a ṣe ń mú obì lọ́wọ́ lọ bá babaláwo. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ san ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn náà, ẹ má kà á sí òfò.

Ẹ wá láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Ẹ wá mọ́tò, nítorí bọ́ọ̀sì ìlú kì í dé ìdí àpáta Okotoks. Ẹ mú aṣọ òtútù dání bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ́ orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí Àdéhùn Keje ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1877, ìyẹn Siksika, Kainai, Piikani, Tsuut'ina àti Stoney Nakoda, kí ẹ lè pè wọ́n bí ẹ bá ń ta omi sílẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé Ilẹ̀ ló ń gbọ́, tó ń rí, tó sì ń jẹ́rìí, kò yẹ kí a máa rìn lórí rẹ̀ láìmọ orúkọ àwọn tó ti ń kí i tipẹ́.

Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe òun lálejò. Kí a má jẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun wọ ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ọ̀pọ̀ àlejò láti gbogbo ayé sì ń wọ̀ ọ́. Bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n rìn níbẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ àti ọwọ́ òfìfo, ni kí àwa náà rìn níhìn-ín.

Kí Ilẹ̀ gbà wá láyè. Kí òkè má wó lù wá, kí omi má gbé wa lọ. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.